Ọmọ mi mọ ìdọ́gba yanjú, ṣùgbọ́n ìṣirò onítàn nípa sukúẹ̀ ń dà á láàmú

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi wà ní SS 2. Bí wọ́n bá kọ ìdọ́gba sílẹ̀ fún un, kíákíá ló ń yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ gbé e kalẹ̀, pàápàá èyí tó bá jẹ mọ́ èríà sukúẹ̀, ọkàn rẹ̀ á dàrú. Èyí ni wọ́n fún wọn láìpẹ́ yìí: “Ilẹ̀ kan jẹ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba. Wọ́n fi mítà 3 kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èríà rẹ̀ sì fi sukúẹ̀ mítà 51 lé ti tẹ́lẹ̀. Mítà mélòó ni ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀?” Ohun tó kọ ni x² + 3 = 51. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ bí mo ṣe lè là á yé e. Aṣọ ni mo ń rán ní tèmi, n kì í ṣe oníṣirò. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń ṣe irú èyí? Ìyá kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ọmọ yín díẹ̀. x² tó kọ yẹn tọ̀nà: ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ sukúẹ̀ la ń fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí a tó rí èríà. 3 tó kọ náà kò ṣàdédé wá, inú ìbéèrè ló ti mú un. Ohun tí kò ṣe ni pé kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí 3 yẹn ń gbé. Mítà ni 3, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi í kún. Sukúẹ̀ mítà ni 51, ojú ilẹ̀ ni. Gígùn kò ṣeé fi kún èríà, bó ti wù kí nọ́ńbà méjèèjì jókòó ti ara wọn tó nínú gbólóhùn kan.

Mo sì mọ ẹni tó kó bá a. Wọ́n á ti kọ́ ọ pé tó bá ti rí “kún” nínú ìbéèrè, kó kọ àmì àròpọ̀. Tó bá rí “kù”, kó kọ ti ìyọkúrò. Mo kórìíra ìmọ̀ràn yẹn. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ praímárì tó ń ka ọsàn, ṣùgbọ́n tó bá kan èríà, ńṣe ló ń ti ọmọ sínú kòtò. Ìbéèrè ní “fi mítà 3 kún”, ọmọ kọ + 3, ó ti parí. Kò rántí béèrè pé kí ni wọ́n fi kún, àti pé ibo ló wà.

Ẹ jẹ́ kó mú bébà, kó ya ilẹ̀ náà. Àwòrán yẹn ni gbogbo ìmọ̀ràn mi, ìyókù kàn ń ṣàlàyé rẹ̀ ni. Kó ya sukúẹ̀ kan, kó kọ x sí abẹ́ rẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Kó wá fà á síwájú lápá ọ̀tún pẹ̀lú mítà 3, kó fà á sókè pẹ̀lú mítà 3, kó sì fi ìlà pa á dé kó lè di sukúẹ̀ ńlá. Ẹ wá sọ fún un pé kó fi bírò kun ibi tó jẹ́ tuntun nìkan. Ohun tó máa rí ni apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ ọ̀tún, tó ga ní x, tó fẹ̀ ní 3. Òmíràn wà lókè tó gùn ní x, tó ga ní 3. Kékeré kan tún wà ní kọ̀rọ̀ igun, 3 sí 3. Ibi mẹ́ta yìí ni ìbéèrè pè ní 51:

3x + 3x + 9 = 51

6x = 42, x sì jẹ́ 7. Kó dán an wò: ilẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 7 sí 7, ìyẹn 49. Ilẹ̀ tuntun jẹ́ 10 sí 10, ìyẹn 100. 100 dín 49 ku 51. Ó bára mu.

Tíṣà rẹ̀ ní kíláàsì á fẹ́ kó kọ ọ́ báyìí: (x + 3)² − x² = 51. Nǹkan kan náà ni. Èríà tuntun, yọ èríà àtijọ́ kúrò, ohun tó kù ni àfikún. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń já sí kòtò kejì nìyí, nígbà tí wọ́n bá ń tú àkámọ́: wọ́n á kọ (x + 3)² = x² + 9. Bí ọmọ yín bá ṣe irú rẹ̀, ẹ má bá a jà, ẹ kàn ní kó fi ìka tọ́ka sí 9 lórí àwòrán. Á rí i pé kọ̀rọ̀ igun nìkan ni. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì ti sọnù, 3x kan níhìn-ín, 3x kan lọ́hùn-ún. Nínú ilẹ̀ tiwa yìí, sukúẹ̀ mítà 42 ló ṣe bẹ́ẹ̀ dàwátì, ilẹ̀ tí èèyàn lè kọ́ yàrá ńlá méjì sí.

Ẹ̀yin gan-an, níwọ̀n bí ẹ ti ń rán aṣọ, ẹ mọ ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ igun yìí ju èmi lọ. Ká ní oníbàárà gbé aṣọ orí tábìlì wá, ó ṣe sukúẹ̀, ó ní kí ẹ fi léèsì tó fẹ̀ ní ínṣì 5 yí i ká lóde. Bí ẹ bá gé léèsì mẹ́rin tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà dọ́gba, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣófo. Torí ẹ̀ lẹ ṣe máa ń gé e jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ ọ́ di ìṣirò fún un: léèsì tó yí aṣọ náà ká, tí a bá wọ̀n ojú rẹ̀ lórí aṣọ tí a ti rán tán, jẹ́ sukúẹ̀ ínṣì 1,100. Ínṣì mélòó ni ẹ̀gbẹ́ aṣọ tábìlì náà kí wọ́n tó fi léèsì sí i?

Mo lè ta tẹ́tẹ́ pé (x + 5)² ni yóò kọ. Kó padà sí àwòrán. Léèsì wà lápá òsì, ó wà lápá ọ̀tún. Ó wà lókè, ó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tuntun jẹ́ x + 10. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín “wọ́n fi 5 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan” àti “wọ́n fi ohun tó fẹ̀ ní 5 yí i ká” nìyẹn. Ìdánwò fẹ́ràn ìyàtọ̀ yẹn gan-an, ọ̀nà tí ń rìn yí ọgbà ká ni wọ́n sì sábà máa ń lò dípò léèsì. Tó bá kà á láti ara àwòrán, apá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló wà, 5x ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú igun mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 25:

20x + 100 = 1,100

x = 50. Aṣọ tábìlì ínṣì 50 di ínṣì 60. 3,600 dín 2,500 jẹ́ 1,100.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ́rọ̀ ilẹ̀, torí ó ń dun àwa tíṣà ìṣirò bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń pàdánù owó síbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ohun tí wọ́n sábà ń pè ní pulọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú, 120 lóròó. Níbòmíràn, 50 sí 100 ni. 60 sí 120 jẹ́ 7,200. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3,600, ìyẹn 60 sí 60, sukúẹ̀ géérégé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ìdajì pulọ́ọ̀tì ni kí a dá ìbú sí méjì, kí a tún dá òòró sí méjì, 30 sí 60 ni yóò gbà, ìyẹn 1,800. Ìdá mẹ́rin ló gbà, owó ìdajì ló san. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá di ìlọ́po méjì, èríà di ìlọ́po mẹ́rin. Bí méjèèjì bá di ìdajì, èríà di ìdá mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí “wọ́n sọ ẹ̀gbẹ́ sukúẹ̀ di ìlọ́po méjì, èríà sì fi 108 lé sí i” kì í ṣe 2x² − x². 4x² − x² = 108 ni; 3x² = 108, x² = 36, ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 6.

Táìlì náà ń tẹ̀lé òfin yìí. Ẹ fún un ní eléyìí: ilẹ̀ pálọ̀ kan tó ṣe sukúẹ̀ gba táìlì 400. Bí a bá lo táìlì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 10 gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, 256 péré ni yóò gbà. Báwo ni táìlì àkọ́kọ́ ti tóbi tó? Ilẹ̀ pálọ̀ kò yí padà, nítorí náà 400x² = 256(x + 10)². Bí ọmọ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àkámọ́, kó ní sùúrù. Nọ́ńbà ńlá ńlá ni yóò máa gbá mú, àṣìṣe á sì yọ́ wọlé. Sukúẹ̀ ni ọwọ́ òsì, sukúẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún, kó mú rúùtù ọ̀tún òun òsì lẹ́ẹ̀kan náà: 20x = 16(x + 10). 4x = 160, x = 40. Ẹ wo bí àwòrán ṣe tún ń sọ̀rọ̀: 20 ni iye táìlì tó wà lórí ìlà kan nígbà tí wọ́n lo kékeré, 16 nígbà tí wọ́n lo ńlá. 20 lọ́nà 40 jẹ́ 800, 16 lọ́nà 50 jẹ́ 800, pálọ̀ mítà 8 sí mítà 8.

Irú kan tún wà tí sukúẹ̀ kì í ti í jẹ́ sukúẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án. “Wọ́n fi mítà 6 fa ẹ̀gbẹ́ kan sukúẹ̀ gùn, wọ́n gé mítà 4 kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èríà kò yí padà.” (x + 6)(x − 4) = x². Nígbà tí a bá tú u, x² pa x² rẹ́, ó ku 2x = 24, ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 12. 18 lọ́nà 8 jẹ́ 144, 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. Àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù rẹ̀ torí x² tí wọ́n rí, wọ́n á rò pé fọ́múlà gígùn nì ni yóò gbà. Kò gbà á.

Nínú ìdílé ìṣirò yìí, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀, yálà ìdánwò wà tàbí kò sí. Aládùúgbò yín wá, ó ní: ẹ jẹ́ kí n mú mítà 5 níbùú ilẹ̀ yín, n ó fi mítà 5 kún òòró rẹ̀ fún yín, fẹ́ǹsì yín kò ní dín kù. Òótọ́ ló sọ nípa fẹ́ǹsì; 4x ló wà tẹ́lẹ̀, 4x náà ló ṣì wà. Ṣùgbọ́n (x + 5)(x − 5) jẹ́ x² − 25. Sukúẹ̀ mítà 25 ti lọ, bí ilẹ̀ náà tóbi, bó kéré. Ilẹ̀ 20 sí 20 tó jẹ́ 400 di 25 sí 15, tó jẹ́ 375. Ẹni tó bá fi okùn yí ilẹ̀ ká nìkan kò lè rí i láéláé.

Títí di ibí, x² ń pa ara rẹ̀ rẹ́ tàbí kó dá dúró kí a mú rúùtù rẹ̀. Àwọn tó le díẹ̀ ni èyí tí x² àti x jọ kù sílẹ̀. Ẹ wo èyí: wọ́n gé okùn mítà 40 sí méjì, wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe sukúẹ̀, èríà méjèèjì papọ̀ jẹ́ 58. Níhìn-ín, ohun tí a bá pè ní x ló máa sọ bóyá iṣẹ́ á rọrùn tàbí á nira. Ọ̀pọ̀ a máa pe gígùn okùn kan ní x, ìdá mẹ́rin á wá kún gbogbo ìwé. Ẹ jẹ́ kó pe ẹ̀gbẹ́ sukúẹ̀ kan ní x. Okùn rẹ̀ jẹ́ 4x, èyí tó kù jẹ́ 40 − 4x, ẹ̀gbẹ́ sukúẹ̀ kejì sì jẹ́ 10 − x. Nígbà náà x² + (10 − x)² = 58, tó di x² − 10x + 21 = 0, x sì jẹ́ 3 tàbí 7. Ọmọ á béèrè pé èwo ni kóun mú. Méjèèjì! Bí ọ̀kan bá jẹ́ 3, èkejì jẹ́ 7; bí ó bá jẹ́ 7, èkejì jẹ́ 3. Ìtàn kan náà ni a sọ láti ọ̀tún àti láti òsì. Okùn kan jẹ́ mítà 12, èkejì jẹ́ mítà 28.

Nígbà míì sì rèé, ìdáhùn kan gbọ́dọ̀ dànù. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù fún èyí ti pẹ́ láyé. Onímọ̀ ìṣirò kan, Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, ló lò ó ní Baghdad ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án: sukúẹ̀ kan àti ìlọ́po 10 ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ papọ̀ jẹ́ 39. Ìyẹn ni pé x² + 10x = 39. Ẹ lè sọ ọ́ di yàrá: yàrá kan ṣe sukúẹ̀, wọ́n fa ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo gùn pẹ̀lú 10, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 39. Ohun tí bàbá náà ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ yín yà níṣàájú. Ó dá 10x sí méjì, ó fi 5x sí ọ̀tún, ó fi 5x sí òkè. Kọ̀rọ̀ igun wá ṣófo, 5 sí 5. Ó dí i pẹ̀lú 25, ó sì fi 25 yẹn kún 39 náà kí ìwọ̀n má bàa yẹ̀: 64. Rúùtù 64 ni 8. Ẹ̀gbẹ́ sukúẹ̀ ńlá jẹ́ 8, nítorí náà x + 5 = 8, x = 3. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ yín ní kíláàsì pé “ẹ pín iye tó wà lára x sí méjì, ẹ sọ ọ́ di sukúẹ̀, ẹ fi kún ọ̀tún òun òsì” nìyẹn gan-an. Igun tó ṣófo ni wọ́n ń dí, ọ̀pọ̀ tíṣà ni kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Bàbá náà gan-an kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wàláà amọ̀ kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ńbà rẹ̀ ni BM 13901, ilẹ̀ Bábílónì ló ti wá, ó sì ti lé ní ọdún 3,500. Ìbéèrè orí rẹ̀ lé ní ogún, gbogbo wọn ló dá lórí sukúẹ̀. Nínú èyí àkọ́kọ́, èríà sukúẹ̀ kan àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ papọ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Igun náà ni wọ́n dí, ẹ̀gbẹ́ sì jẹ́ ìdajì. Bí ojú bá ń ti ọmọ yín pé ìṣirò yìí ṣòro fún òun, ẹ sọ fún un pé àwọn akọ̀wé Bábílónì náà jókòó tì í.

Ọ̀nà tí wọ́n ń lò ní kíláàsì lónìí á fún un ní 3 àti òdì 13 fún ìṣirò ti Baghdad yẹn. Kó kọ méjèèjì sílẹ̀, kó wá kọ ìdí tó fi fa igi lé òdì 13: ẹ̀gbẹ́ yàrá kì í jẹ́ òdì. Kó má kàn pa á rẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó ń máàkì ìwé fẹ́ rí i pé ó mọ ohun tó ń ṣe, máàkì sì wà fún iṣẹ́ tí a fihàn, kì í ṣe ìdáhùn ìkẹyìn nìkan.

Kó tún máa kọ gbólóhùn kan kó tó kọ ìdọ́gba rárá: “Jẹ́ kí x jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ní mítà.” Ọ̀rọ̀ “tẹ́lẹ̀” yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Mo ti rí ọmọ tó ṣe ohun gbogbo dáadáa, tó wá kọ ẹ̀gbẹ́ tuntun sílẹ̀ nígbà tí wọ́n béèrè ti àtijọ́, nítorí ó ti gbàgbé ohun tí x ń jẹ́ nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀ ìwé. Kó sì máa kọ mítà tàbí sukúẹ̀ mítà síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó bá mú jáde nínú ìbéèrè. Ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ x² + 3 = 51, ojú ara rẹ̀ ni yóò rí i pé sukúẹ̀ mítà, mítà àti sukúẹ̀ mítà ló tò sórí ìlà kan.

Ẹ fún un ní ọ̀kan tó máa dá ṣe lálẹ́ òní, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ìjọba fẹ́ fẹ títì, wọ́n gé mítà 4 kúrò níwájú ilẹ̀ kan tó ṣe sukúẹ̀, ilẹ̀ tó kù jẹ́ sukúẹ̀ mítà 221. Mítà mélòó ni ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà kí wọ́n tó gé e? 17 ni ìdáhùn. Bó bá kọ 15, ó dí igun, ó mú rúùtù 225, ó sì gbàgbé láti fi 2 rẹ̀ padà. Bó bá kọ 13, ìṣirò rẹ̀ pé, ìbú ilẹ̀ tí ìjọba ṣẹ́kù ló sọ fún yín. Ẹ ní kó padà lọ ka ohun tó pè ní x.